Ẹ Má Dán Ẹdan

Ìròyìn yín lórí Fowler Museum ti yunifásítì UCLA ní Amẹ́ríkà gbà wá nímọ̀ràn pé kí yunifásítì ilẹ̀ Ìjẹ̀bú náà kó ẹdan Òṣùgbó (ère idẹ ẹgbẹ́ Ògbóni) àti aṣọ olónà (aṣọ híhun oníṣẹ́ ọnà tí àwọn olóyè ń lò) jọ, kí wọ́n sì fi Brasso (èròjà tí wọ́n fi ń mú kí irin máa dán) dán idẹ. Ẹ gbà mí o! Brasso ń họ idẹ ni. Díẹ̀díẹ̀ ni ojú àti irùngbọ̀n ẹdan á pa rẹ́. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tó gbẹ ti tó fún eruku. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, torí iyọ̀ inú òógùn ọwọ́ ń jẹ idẹ. Bí ẹ bá rí lẹ́búlẹ́bú aláwọ̀ ewé tó ń ṣí dànù, ẹ tètè gbé e síbi gbígbẹ lọ́tọ̀. Irin ìdí ẹdan náà ń dípẹtà.

Ní ti aṣọ olónà, ẹ má ká a sí mẹ́rin, ojú ìká ni òwú ti ń já. Ẹ yí i mọ́ páìpù. Bí kòkòrò bá wọ̀ ọ́, ẹ dì í sínú ọ̀rá, kó lo ọ̀sẹ̀ kan nínú fírísà tó tutù dé −20°C (bí NEPA bá gbà). Ẹ má tú ọ̀rá náà àfi tí òtútù bá ti kúrò lára rẹ̀ pátápátá, kí omi má baà sẹ̀ sára aṣọ.