Abẹ́rẹ́ nìkan kọ́ o

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, èyí tẹ́ ẹ kọ pé abẹ́rẹ́ Botox ẹ̀ẹ̀kan péré á na apá ọmọ tó ní cerebral palsy (ìpalára ọpọlọ tó lè mú kí iṣan ara le) títí láé, pé kò nílò físíò (ìtọ́jú tí wọ́n fi ń kọ́ ara bó ṣe máa ṣiṣẹ́) mọ́, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Inú ọpọlọ ni wàhálà yẹn ti wá, abẹ́rẹ́ ò dé bẹ̀, iṣan apá tó ń le ni wọ́n ń gún un sí kó lè dẹ̀, tó bá sì tó bí oṣù 3 sí 4 agbára ẹ̀ á ti máa lọ. Àárín ìgbà tó dẹ̀ yẹn gan-an niṣẹ́ físíò wà, kọ́mọ máa fọwọ́ yẹn mú ṣíbí, kó máa de bọ́tìnì. Àwọn tó sì ń fòróró fa ọwọ́ ọmọ wìì (mo ti rí i rí, ọmọ ń ké), téèyàn bá fà á lójijì ṣe ló tún máa ń le sí i.