Láti Kétu sí Ìmẹ̀kọ, ṣé òkè òkun ni?

Lánàá, fóònù méjì ló wà lórí itan ìyá mi. Síìmù Bẹ̀nẹ̀ wà nínú ọ̀kan. Ti Nàìjíríà wà nínú èkejì, èyí tí wọ́n fi rọ́bà dè nítorí bátìrì rẹ̀ tó ń yọ. Àbúrò wọn ní Ìmẹ̀kọ, ní Nàìjíríà, ni wọ́n fẹ́ kí, ara rẹ̀ kò yá. Wọ́n fi ti Bẹ̀nẹ̀ pè é. Wọn ò tíì béèrè ohun tó ń ṣe é tán tí kírédì fi tán. Ti Nàìjíríà kì í sì í rí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì nílé wa ní Kétu, ní Bẹ̀nẹ̀ níbí, àfi tí èèyàn bá dé Ìlárá lẹ́nu ibodè.

Ó ń dùn mí gan-an. Ọmọ Alákétu kan náà ni wá, síbẹ̀ owó òkè òkun ni wọ́n ń yọ lọ́wọ́ wa.

Ẹ wo Yúróòpù. Láti oṣù kẹfà ọdún 2017, ẹni tó ra síìmù ní Faransé lè gbé e lọ sí Jámánì, iye tó ń san nílé náà ni yóò máa san. Nígbà tó di oṣù karùn-ún ọdún 2019, wọ́n tún dá òpin sí owó ìpè láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì: kò gbọ́dọ̀ ju sẹ́ǹtì yúrò 19 lọ ní ìṣẹ́jú kan, kí wọ́n tó fi owó-orí kún un. Àwọn tí wọn ò gbọ́ èdè ara wọn mà ni o!

ECOWAS náà ṣe òfin rómìngì, ìyẹn kéèyàn máa lo síìmù ilé rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè mìíràn, ní 2017, ó sì dára. Ṣùgbọ́n arìnrìn-àjò ni rómìngì wà fún. Ìyá mi kò rìnrìn àjò, ilé ni wọ́n jókòó sí. Òpin owó ìpè bíi ti Yúróòpù yẹn ni wọ́n nílò. ARCEP tiwa níbí àti NCC ti Nàìjíríà, àwọn àjọ tó ń bójú tó iléeṣẹ́ tẹlifóònù, ló yẹ kó jọ jókòó lórí ẹ̀.

Àwọn kan á ní ká lo WhatsApp. Fóònù tọ́ọ̀ṣì ni àbúrò ìyá mi ń lò.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ síta, ẹ̀yin ará Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́. Ní 2018, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ fẹ́ máa gba fráǹkì 5 lórí mégà kọ̀ọ̀kan tá a bá fi lo Facebook àti WhatsApp. A pariwo, wọ́n sì fagi lé e lóṣù kẹsàn-án ọdún yẹn.

Láàárọ̀ yìí, ìyá mi gun alùpùpù lọ sí Ìlárá, kí wọ́n lè bi àbúrò wọn bóyá ó ti rí oògùn lò.