Ẹ kọ́kọ́ jókòó sórí àga kí ẹ tó wo ẹwà tábìlì

Èrò ọkàn mi lórí tábìlì oúnjẹ inú ọgbà nìyí: àga ló ń mú kí ẹbí pẹ́ nídìí oúnjẹ, kì í ṣe tábìlì. Síbẹ̀ tábìlì ni ojú wa máa ń kọ́kọ́ bá lọ, òun náà ló sì máa ń gba owó wa tán. Àgakága tó bá wá bá a rìn la ó gbà. Ìgbà tí a bá wá jókòó, kò ní pé ogún ìṣẹ́jú tí ẹ̀yìn á ti máa dun àgbà, ọmọdé á ti bọ́ sílẹ̀, kálukú á sì máa gbé àwo rẹ̀ padà sínú ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí ètò náà padà. Ẹ fi àga ṣáájú.

Ìjókòó àga tí a fi ń jẹun máa ń ga tó sẹ̀ǹtímítà 43 sí 46 láti ilẹ̀, orí tábìlì sì máa ń wà ní nǹkan bíi 72 sí 76. Ṣùgbọ́n àlàfo tó wà láàárín ìjókòó àti abẹ́ tábìlì ni kí ẹ fi téèpù wọ̀n, torí ibẹ̀ ni itan ń gbà wọlé. Kò yẹ kó dín ní sẹ̀ǹtímítà 25. Ọ̀pọ̀ tábìlì onígi ló ní pákó ìdábùú lábẹ́ tó so ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀. Ká ní tábìlì ga ní 75, tí orí rẹ̀ nípọn tó 3, tí pákó ìdábùú náà sì fẹ̀ ní 10: abẹ́ rẹ̀ ti di 62 nìyẹn. Ẹ yọ 45 ti àga kúrò, ó ku 17. Kò sí àgbà tí itan rẹ̀ máa rọrùn níbẹ̀. Tìmùtìmù tún ń jẹ nínú àlàfo yìí kan náà, nítorí náà ẹ gbé e sórí àga kí ẹ tó wọ̀n.

Àgbàlagbà nílò àga tó ní apá, torí ọwọ́ ló fi ń ti ara rẹ̀ dìde. Àmọ́ kí ẹ tó sanwó, ẹ ti àga náà wọ abẹ́ tábìlì wò. Bí apá rẹ̀ bá ga ju abẹ́ tábìlì lọ, kò ní wọlé, ẹni tó jókòó á jìnnà sí àwo rẹ̀, á sì máa na ọrùn. Àwọn àga ìsinmi tó rẹlẹ̀, tí ìjókòó wọn jìn, tó dà bíi ti pálọ̀, kò dára fún oúnjẹ rárá. Bí ìjókòó bá jìn tó 55, ẹni tó ń jẹun ò ní lè fẹ̀yìn ti nǹkan kan, á kàn tẹ̀ ba sórí oúnjẹ ni. Ogójì sí 45 tó.

Bẹ́ńṣì ńkọ́? Mo fara mọ́ ọ̀kan, ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, fún àwọn ọmọ. Mi ò fara mọ́ méjì. Ẹni tó bá wà láàárín bẹ́ńṣì kò lè dìde láìjẹ́ pé ó da àwọn tó kù láàmú, kò sì sí ibi ìfẹ̀yìntì. Ẹ tún wo ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà: bí ẹsẹ̀ bá wọ inú jù, tí orí bẹ́ńṣì yọ síta gan-an, ọjọ́ tí ẹni ìpẹ̀kun kan bá dìde lójijì ni ti ìpẹ̀kun kejì á ṣubú.

Ènìyàn kan nílò sẹ̀ǹtímítà 60 létí tábìlì, 65 sí 70 bí àga rẹ̀ bá ní apá. Ibi tí àwọn tó ń rà ti máa ń ṣìṣe ni pé wọ́n ń wọn gígùn orí tábìlì, wọn ò wọn àárín ẹsẹ̀ sí ẹsẹ̀. Tábìlì tó gùn ní 180, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà ní igun, lè má ní ju 160 lọ láàárín ẹsẹ̀. Àga mẹ́ta tó fẹ̀ ní 55 ò ní wọ ibẹ̀. Méjì ló máa wọ̀, ẹni kẹta á sì la ẹsẹ̀ tábìlì sáàárín orúnkún. Ní ti fífẹ̀, 90 sí 100 ló dára: ó gba àwo tọ̀tún-tòsì àti ìkòkò láàárín. Tó bá ju 110 lọ, ọwọ́ ò ní tètè tó ohun tó wà ní òdìkejì, ẹ̀yin àti ẹni tó kọjú sí yín á sì jìnnà síra. Tábìlì róbótó yàtọ̀: èyí tó fẹ̀ ní 120 láti etí kan dé èkejì ló dára jù fún ẹni mẹ́rin.

Ẹ má gbàgbé ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn àga. Ó gba nǹkan bíi 80 kí ènìyàn tó lè fa àga sẹ́yìn kó dìde, ó sì gba 120 bí ẹlòmíràn bá máa gbé abọ́ kọjá lẹ́yìn ẹni tó jókòó. Ẹ fi okùn tàbí ìwé ìròyìn ya tábìlì náà sílẹ̀ nínú ọgbà, ẹ to àga ilé yí i ká, ẹ wá rìn níbẹ̀.

Ní ti ohun tí wọ́n fi ṣe é, igi ni mo gbè lẹ́yìn, torí oòrùn kì í mú un gbóná mọ́ni lára bí irin, a sì lè tún un ṣe. Òróró àti èròjà tó wà nínú tíìkì àti ìrókò kì í jẹ́ kí omi àti kòkòrò tètè ba wọ́n jẹ́. Igi páìnì kò ní irú rẹ̀, àfi bí wọ́n bá ti fi oògùn tọ́jú rẹ̀. Tíìkì tí a kò kùn á di aláwọ̀ eérú láàárín oṣù mélòó kan. Àwọ̀ lásán ni, igi ò bàjẹ́, nítorí náà ẹ má sáré da òróró lé e. Òróró linseed, tí wọ́n ń fún láti inú irúgbìn, pàápàá máa ń jẹ́ kó bu, kó sì dúdú. Ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ jẹrà, torí ojú ibi tí wọ́n ti gé igi ní ìbú ló ń fa omi jù, ikán náà sì ń gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ gbé ẹsẹ̀ náà lé òkúta pẹlẹbẹ tàbí kọnkéré, kó má kan erùpẹ̀.

Ẹ dojú àga dé, ẹ wo oríkèé rẹ̀. Pákó tí a gbẹ́ kan wọnú èkejì ló ń tọ́jọ́. Èyí tí wọ́n fi ìṣó wẹ́wẹ́ so ò ní pẹ́: òjò á mú igi wú, oòrùn á mú un súnkì, ihò á fẹ̀, ìṣó á yọ. Ẹ béèrè bóyá sukúrúù rẹ̀ kì í dógùn-ún, létí òkun sì ni kí ẹ ti wá èyí tí wọ́n kọ 316 sí, torí iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ máa ń jẹ 304. Nọ́ńbà irú irin tí kì í tètè dógùn-ún ni méjèèjì.

Páìpù irin ń tanni jẹ. Inú ló ti ń dógùn-ún. Omi á gba ihò sukúrúù wọlé, ike ìdí ẹsẹ̀ á dí i mọ́bẹ̀, ọ̀dà ìta á sì máa dán títí ẹsẹ̀ á fi ṣẹ́. Ẹ wá ihò kékeré tí omi ń gbà jáde nísàlẹ̀. Alumíníọ́mù kì í dógùn-ún bẹ́ẹ̀, ó sì fúyẹ́, àmọ́ ẹlẹ́gẹ́ rẹ̀ máa ń tẹ̀ bí àgbà bá fẹ̀yìn tì í. Pàǹkẹ́rẹ́ gidi, abẹ́ òrùlé ni tiẹ̀. Bó bá jẹ́ okùn ike ni wọ́n hun, ẹ rí i pé irú ike tí wọ́n ń pè ní polyethylene ni. Irú ike kejì, PVC, máa ń gan nínú oòrùn, á wá máa já.

Agbòòrùn gbọ́dọ̀ yọ kọjá etí tábìlì tó 60 yíká, kó tó lè bo orí ẹni tó jókòó. Tábìlì 180 nílò èyí tó fẹ̀ tó mítà 3. Ìdí rẹ̀ gbọ́dọ̀ wúwo dáadáa, ó kéré tán kílò 25 bí òpó rẹ̀ bá gba àárín tábìlì kọjá, jù bẹ́ẹ̀ lọ bó bá dá dúró. Ẹ pa á dé kí ẹ tó wọlé, torí atẹ́gùn lè gbé òun àti tábìlì lọ pọ̀.

Bí owó ò bá tó méjèèjì, àga mẹ́fà tó dára ni kí ẹ rà, kí tábìlì ṣì dúró. Pákó mẹ́ta tó fẹ̀ ní 30, tó gùn ní 180, tó sì nípọn ní 3, tí ẹ fi àlàfo mìlímítà 5 sáàárín wọn kí omi lè sàn, á ṣe tábìlì. Ẹ kan pákó ìdábùú mọ́ wọn lábẹ́, ẹ gbé e lé ẹsẹ̀ méjì tó ṣeé ká, tó ga ní 72. Kí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan wọ inú ní 30 láti ìpẹ̀kun, kí àárín má baà tẹ̀, kí ẹni tó bá fi ìgbọ̀nwọ́ ti etí rẹ̀ má sì gbé e dìde.