Ta Ló Wà Lẹ́yìn Ẹ̀?

Kí obìnrin sáà ti gbé fíìmù jáde, kí fíìmù ọ̀hún sì pawó, kò ní pẹ́ tẹ́ ẹ máa gbọ́ ọ: "Ta ló wà lẹ́yìn ẹ̀?" Wọn kì í bi ọkùnrin bẹ́ẹ̀. Tí ọkùnrin bá ṣe é, orí ẹ̀ pé, ó mọṣẹ́. Tí obìnrin bá ṣe é, a ó máa wá ọ̀gá olówó kan kiri.

Fíìmù Funke Akindele tó ń jẹ́ A Tribe Called Judah, tó wọ sinimá ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, ló kọ́kọ́ pa bílíọ̀nù kan náírà nínú gbogbo fíìmù Nàìjíríà. Bẹ́ẹ̀ obìnrin yìí kan náà la ti ń wò lórí tẹlifíṣàn nínú I Need to Know, kí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí tó mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà. Fíìmù ẹ̀ tó ń jẹ́ Jenifa jáde ní 2008. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò: ó ti lo ohun tó lé ní ogún ọdún nídìí iṣẹ́ yìí kí bílíọ̀nù tó yọjú. Ogún ọdún ọ̀hún ló wà lẹ́yìn ẹ̀.

Àwọn obìnrin míì náà wà lẹ́yìn ẹ̀. Nígbà tí Hubert Ogunde dá ẹgbẹ́ eré ẹ̀ sílẹ̀ ní 1945, alágbe ni wọ́n ń pe òṣèré. Ti obìnrin tún wá burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Baba Ogunde wá ń fi àwọn òṣèrébìnrin ẹ̀ ṣaya, kí ẹgbẹ́ má baà tú, kí ẹnu ayé sì rọlẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ la máa ń fi ìtàn yẹn ṣe, pé bàbá láya rẹpẹtẹ. Kì í pa mí lẹ́rìn-ín. Àwọn aya yẹn ló ń kọrin, tí wọ́n ń jó, tí wọ́n ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn. Mélòó nínú orúkọ wọn lẹ lè dá? Abiodun Duro-Ladipo tó ṣe Ọya nínú Ọba Kò So ńkọ́? Eré yẹn dé Berlin, ó dé ìlú ọba, ṣùgbọ́n Duro Ladipo ọkọ ẹ̀ nìkan la máa ń rántí. Nígbà tí iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn WNTV sì bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn ní 1959, Anike Agbaje-Williams ni obìnrin tí ojú ẹ̀ kọ́kọ́ hàn níbẹ̀. Ó yẹ kí ọmọ iléèwé mọ orúkọ yẹn.

Èyí tó wá ká mi lára jù ni tàwọn tójú wọn kì í hàn rárá.

Ẹ mú fíìmù ayé àtijọ́, ti ọba àtìjòyè. Òṣèré kan ní àbàjà lẹ́rẹ̀kẹ́. Wọn ò bu ilà yẹn fún un nílé baba ẹ̀ o. Ọmọbìnrin kan ló fi búrọ́ṣì fà á ní ìdájí, kí oòrùn tó yọ. Lọ́la, á tún un fà níbi tó wà lánàá gẹ́lẹ́. Tó bá fi bí ìrẹsì sún, àwa la máa kọ́kọ́ rí i, a ó gé e sórí TikTok, a ó máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Tí kò bá sún, kò sẹ́ni tó máa rántí pé èèyàn kan ló fà á. Ẹnì kejì ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó ń fi fóònù ya gèlè, torí ìran tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lónìí lè di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kí wọ́n tó parí ẹ̀, etí gèlè yẹn kò sì gbọdọ̀ ti òsì yí sọ́tùn-ún. Irú wọn ló ń kọ́kọ́ dé lókéṣọ̀n, àwọn ló ń gbẹ̀yìn kúrò. Tówó bá wá kù díẹ̀ káàtó, àwọn náà ni wọ́n máa ń sọ fún pé "ṣebí ẹbí ni wá, ẹ fara dà á." Ká má tíì wá sọ tàwọn tó ní dandan, hòtẹ́ẹ̀lì lọmọbìnrin ti máa wá gba ipa tó máa kó.

Mi ò ní kẹ́ ẹ pàtẹ́wọ́ fún gbogbo fíìmù tí obìnrin bá ṣe. Àwọn kan wà tí mi ò lè wò dé ìdajì. Ariwo wọn pọ̀ ju ìtàn wọn lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí obìnrin bá di kálámù àti kámẹ́rà mú fúnra ẹ̀. Kemi Adetiba ló kọ King of Boys, òun ló darí ẹ̀, ní 2018. Ta ló fi ṣe ọ̀gá pátápátá? Sola Sobowale, tó ti lé ní àádọ́ta ọdún nígbà yẹn. Bọ́bìnrin bá ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀, ìyá ọkọ tó burú ni wọ́n máa ń ní kó ṣe, tàbí ìyá tó ń sunkún ọmọ. Eniola Salami, ọ̀gá tí Sobowale ṣe nínú fíìmù yẹn, ò sunkún fún ẹnikẹ́ni, a sì tò lọ sí sinimá láti lọ wò ó. Ta ló lè sọ iye àgbà òṣèré tí irú ipa bẹ́ẹ̀ ò kàn láyé wọn?

Ọ̀rọ̀ owó ló kù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pín fíìmù lórí Telegram lọ́jọ́ kejì tó jáde, tẹ́ ẹ ń kọ "ẹ bá mi fi pát tuù ránṣẹ́," mo ń bá yín wí. Ẹ má tún lọ kọ "Màmá mi, ẹ máa pẹ́ fún wa" sábẹ́ fọ́tò ọjọ́ ìbí àwọn òṣèrébìnrin yìí mọ́. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì.