Bíréèkì Ojú Ayé

Nígbà kan, bí ọmọkùnrin bá fẹ́ kí àdúgbò mọ̀ pé òun ti ra mọ́tò, hóònù ló máa ń fọn. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ sáléńsà kúrò, kí gbogbo wa lè bá wọn jí ní aago márùn-ún ìdájí. A fara dà á. Èyí tó tún wá dé báyìí kọjá ohun tí mo lè fi ojú fo. Bíréèkì! Ohun tí Ọlọ́run fi pamọ́ sẹ́yìn táyà, ibẹ̀ náà ni fáàrí gbà wọlé.

Ẹ dé Òjótà ní ìrọ̀lẹ́, níbi tí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ yóò ti fún yín láyè láti wo ẹsẹ̀ mọ́tò dáadáa. Ẹ ó rí Kòrólà kan tí wọ́n fi wáyà de bọ́ńpà rẹ̀ kó má baà jábọ́. Iná ẹ̀yìn rẹ̀ kan kò tàn. Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ wo inú ríìmù rẹ̀: kálípà, irin tó ń fún bíréèkì mọ́ra, pupa fòò bí aṣọ oníṢàngó; díìsìkì, àwo irin tó ń yí pẹ̀lú táyà, lu jára bí ajere.

Ọmọkùnrin kan wà ní ilé kejì sí tiwa, ọmọ dáadáa ni, kì í rí mi kó má dọ̀bálẹ̀. Kòrólà 2005 ló ń wà. Lóṣù tó kọjá, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dé Ládípọ̀, mo fẹ́ ṣe bíréèkì." Inú mi dùn, torí ó ti pẹ́ tí mọ́tò náà ti ń han goro bó bá ti ń wọ géètì. Pádì ló máa ń fún díìsìkì mọ́ra kí mọ́tò lè dúró; irin pẹlẹbẹ kan sì wà lára rẹ̀ tó máa ń ha díìsìkì bí pádì bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ tán. Igbe tó ń ké yẹn, ẹ̀bẹ̀ ni. Mo rò pé ọmọ yìí ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ ni, àṣé àwọ̀ ló ń wá.

Bí a ṣe dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tajà, ìyẹn gbé páálí pádì kan jáde, ó fi ọwọ́ nu eruku orí rẹ̀ bí ẹni nu ojú ọmọ tuntun. "Ti eré ìje nìyí, ẹ̀gbọ́n. Bí ẹ bá ń bọ̀ ní 200, ẹ kàn fi ẹsẹ̀ tọ́ ọ báyìí ni, á dúró." Mo bi í pé níbo ní Èkó ni èèyàn ti ń bọ̀ ní 200. Ó ní orí Third Mainland. Afárá yẹn gùn tó kìlómítà 11.8 lóòótọ́, ṣùgbọ́n èmi tí mo ń gba orí rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo ti rí ẹyẹ tó bà lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì, tó sinmi, tó tún fò lọ.

Pádì eré ìje gidi kì í di nǹkan mú dáadáa àfi tó bá gbóná. Àwọn tó ń fi mọ́tò sáré ìje a máa kọ́kọ́ yí pápá ká kí bíréèkì wọn lè gbóná dójú ìwọ̀n. Láti Kétu dé Òjótà, níbi tí ọlọ́mi tútù ti lè máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yín títí yóò fi wá ṣéńjì yín jáde, níbo ni yóò ti gbóná? Ó dà bí ẹni tó gbé ìkòkò ka àdìrò tí kò dá iná sí, tó wá fọwọ́ jókòó ti àwo.

Lára pádì tó lórúkọ, lẹ́tà méjì máa ń wà níbẹ̀, bí FF tàbí GG. Èkíní ń sọ bó ṣe ń di díìsìkì mú nígbà tí kò tíì gbóná púpọ̀, èkejì ń sọ ti ìgbà tó bá gbóná gan-an. E kò tó F, F kò tó G. Lójú tèmi, FF tí kò lárìíyànjiyàn ti tó ẹni tó ń lọ ibi iṣẹ́ tó ń bọ̀ wálé. Mo fi lẹ́tà náà han ọmọ yìí. Ó wò ó fín, ó gbé ojú sókè, ó ní, "Ṣé wọn ò ní èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ yẹ́lò ni?"

Ti ihò díìsìkì ńkọ́? Láyé ìgbà kan, bí pádì bá gbóná kọjá ààlà, gáàsì máa ń jáde lára rẹ̀, ihò ló sì ń fún un lọ́nà. Pádì òde òní kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ihò ní tirẹ̀ ni ibi tí irin ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í sán bí ooru bá pọ̀. Iṣẹ́ tí mo rí kó ń ṣe ní Èkó ni pé ó ń gba ẹrẹ̀ dání. Ẹ̀gbẹ́ díìsìkì ni wọ́n sì kọ nọ́ńbà sí, MIN TH, èyí tó ń sọ bó ṣe lè fẹ́lẹ́ tó kí a tó jù ú nù. Kò sẹ́ni tó ń kà á. Nọ́ńbà kì í dán.

A dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kun kálípà. Ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì gbọn agolo ọ̀dà, ó fọ́n ọn: ó kun kálípà, ó kun rọ́bà, ó kun imú kékeré tí wọ́n fi ń tú ọ́ọ̀lì títí ó fi lẹ̀ pa, ó kun bàtà ara rẹ̀. Ẹ̀yìn wá kù. Ẹ̀yìn mọ́tò yìí, dírọ́ọ̀mù ni, bíréèkì tó wà nínú ìkòkò irin, kò ní kálípà kankan. Ṣé ìyẹn á wá dí ẹni tó mọ fáàrí lọ́wọ́? Ike ni wọ́n rà, ike pupa tí wọ́n ṣe bíi kálípà, tí wọ́n kọ Brembo sí lára. Brembo, ilé iṣẹ́ bíréèkì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ítálì ní 1961, tí Ferrari ti ń lo bíréèkì wọn láti 1975, kò mọ̀ pé wọ́n ti gọ́ọ̀mù orúkọ òun mọ́ dírọ́ọ̀mù. Kálípà kì í yí pẹ̀lú táyà, ojú kan ló ń wà. Èyí, bí táyà ti ń yí, bẹ́ẹ̀ ni kálípà ń yí tẹ̀lé e, bí ẹni ń jó ní òde ìsọmọlórúkọ.

Ọmọ aládùúgbò mi ní kí n wọlé ká lọ dán an wò. Ní Ọ̀nà Ìkòròdú, dánfó kan dúró lójijì níwájú wa láti gbé èrò. Ọmọ yìí tẹ bíréèkì. Bíréèkì gbọ́, táyà ni kò gbọ́. Ó ti pá bí àtẹ́lẹwọ́. A ń yọ̀ bọ̀, mo ń pe orúkọ ìyá mi. Bí ìbú ọwọ́ kan ló kù kí a lu dánfó náà. Kọ́ńdọ́ sọ̀kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ wo inú ríìmù wa, ó ní, "Bọ̀dá, ṣé ihò yìí ni mọ́tò yín fi ń mí ni?" Gbogbo èrò inú dánfó rẹ́rìn-ín. Ẹni tí dánfó fi bíréèkì ṣe yẹ̀yẹ́, kí ló kù fún un láyé?

Bàbá tó ni ilé iṣẹ́ mẹkáníìkì ló ṣí agolo ọ́ọ̀lì bíréèkì nígbà tí a padà dé. Ó dúdú bí àgbo jẹ̀díjẹ̀dí. Ọ́ọ̀lì yìí máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, díẹ̀díẹ̀. DOT 3, irú kan lára ọ́ọ̀lì yìí, bó bá jẹ́ tuntun, kì í hó títí ooru á fi dé 205°C ó kéré tán, ṣùgbọ́n bí omi bá ti wọ̀ ọ́, ó lè má ju 140 lọ kó tó hó. Tó bá ti hó, afẹ́fẹ́ ló kù nínú páìpù, ẹsẹ̀ yín á wọlẹ̀ lọ lófìfo, wọn á ní bíréèkì já. "Ọmọ mi," ni Bàbá wí, "jẹ́ ká pààrọ̀ èyí kí o tó lọ. Owó rẹ̀ ò tó ti ike ẹ̀yìn yẹn." Ọmọ náà ní òun ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Fáàrí àṣejù, oko olówó ni í mú ọmọ lọ, ṣùgbọ́n olówó ti Ládípọ̀ kò ní oko. Owó lójú ẹsẹ̀ ló ń gbà.

Lánàá, mo bá ọmọ náà lẹ́nu géètì tó ń wá nǹkan kiri lórí fóònù. Kòtò kan ní Ojúẹlẹ́gba ti gba ike ẹ̀yìn kan lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wá ẹnìkejì rẹ̀ rà. Mo ní, "Ọ́ọ̀lì yẹn ńkọ́, ṣé o ti pààrọ̀ rẹ̀?"

Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi dáadáa kó tó dáhùn. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máà bínú o. Ta ló máa rí ìyẹn?"