Umm Kulthum: ṣé ohùn rẹ̀ ni àbí rédíò ìjọba?

Ọmọ Oníròyìn: Gbogbo yín ń pe Umm Kulthum, olórin obìnrin ará Íjíbítì yẹn, ní àrà ọ̀tọ̀. Mi ò ní kò mọ orin kọ o. Ṣùgbọ́n ká ní kò sí rédíò ni, ta ni ìbá mọ̀ ọ́n ní Bàgídáàdì? Ọ̀pọ̀ ọdún ni rédíò Kàírò fi ń gbé orin rẹ̀ sáfẹ́fẹ́ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù. Ìjọba ló gbé e ga.

Aláàfáà Kékeré: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ẹ ti fi ìparí ṣe ìbẹ̀rẹ̀. Ọdún 1934 ni rédíò ìjọba Íjíbítì bẹ̀rẹ̀. Nígbà yẹn, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí obìnrin yìí ti ń kọrin ní Kàírò. Lèmọ́mù ni bàbá rẹ̀ lábúlé, orin ẹ̀sìn ni bàbá náà sì ń kọ níbi ìgbéyàwó láti fi kún owó oúnjẹ. Aṣọ ọmọkùnrin ló ń wọ̀ fún ọmọ rẹ̀ kí wọ́n tó jáde, nítorí ẹnu ayé. Ilé kéwú ni ọmọ náà ti kọ́ bí a ṣe ń pe lẹ́tà kó dún ketekete. Ẹ tẹ́tí sí i, ẹ ó gbọ́ Kùránì lọ́fun rẹ̀.

Ìyá Àdùkẹ́: Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ lọ gbọ́ orin rẹ̀ tó ń jẹ́ Enta Omri, tí Mohammed Abdel Wahab ṣe ohùn orin náà ní 1964. Ẹ má gbọ́ ìṣẹ́jú márùn-ún kẹ́ ẹ pa á o! Á kọ ìlà kan, èrò á figbe ta, á tún un kọ, á yí i síbòmíràn, áńkáṣífù rẹ̀ lọ́wọ́. Mi ò gbọ́ Lárúbáwá, síbẹ̀ omi bọ́ lójú mi.

Ọmọ Oníròyìn: Màmá, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà táwọn sójà lé Ọba Farouk kúrò ní 1952, wọ́n yọ orin rẹ̀ kúrò lórí rédíò torí pé ó ti kọrin fún ọba. Nasser, ọ̀kan nínú àwọn olórí sójà náà, ló ní kí wọ́n dá a padà. Ta ló wá lágbára níbẹ̀?

Aláàfáà Kékeré: Òun náà ni! Wọ́n tì í, wọn ò lè tì í pẹ́. Lẹ́yìn tí Ísírẹ́lì ṣẹ́gun Íjíbítì ní 1967, ta ló ń káàkiri? Ẹni tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún lọ kọrin ní Páríìsì, ó dé Tùnísíà, ó dé Mòrókò, ó sì kó owó rẹ̀ fún ìlú rẹ̀. Èyí náà, ṣé rédíò ló ṣe é?

Ìyá Àdùkẹ́: Ọjọ́ 3 oṣù Kejì 1975 ló kú. Lọ́jọ́ ìsìnkú, àwọn èèyàn já pósí gbà lọ́wọ́ àwọn tó gbé e, wọ́n fi èjìká ara wọn gbé e gba ìgboro. Kò sẹ́ni tó rán wọn.

Ọmọ Oníròyìn: Ti ìsìnkú yẹn, mo gbà fún yín, Màmá. Ti rédíò, mi ò tíì kúrò níbi tí mo dúró sí.