Kì í ṣe pípọ̀ omi ni ìmọ́lẹ̀ ń wọ̀n

Ìgbà kẹta rèé láàárín oṣù kan tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, pé bí omi inú túùbù bá kéré, èsì kò lè jẹ́ òótọ́, ní yàrá àyẹ̀wò wa ní Kàbà, ó sì ti sú mi. Ìyá kan gbé ọmọ ọwọ́ wá láti Ìyàrá kí a lè wo ìwọ̀n hemoglobin rẹ̀, èròjà pupa tó ń gbé ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa po ẹ̀jẹ̀ náà mọ́ omi àyẹ̀wò tán, ó fi ìgbúnwọ́ gbá túùbù, ohun tó ṣẹ́kù kò sì ju mílílítà 2 lọ. Ó ní, "Ọ̀gá, èyí ti kéré jù, èsì rẹ̀ kò lè jẹ́ òótọ́. Ẹ jẹ́ kí n bu omi díẹ̀ lé e, tàbí kí a tún ọmọ náà gún." Ìyá ọmọ gbọ́, ó fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra.

Ìmọ́lẹ̀ tí spectrophotometer, ẹ̀rọ tí a fi ń ka irú omi bẹ́ẹ̀, ń rán gba inú omi kọjá kò mọ iye omi tó wà nílẹ̀. Ohun tó ń dín in kù ni bí èròjà tí à ń wá ṣe ki tó, àti bí ọ̀nà tó rìn nínú omi náà ṣe gùn tó. Nínú cuvette (ife kékeré tó mọ́ gaara tí a ń bu omi náà sí) tí gbogbo wa ń lò, sẹ̀ǹtímítà 1 ni ọ̀nà yẹn, ì báà kún dé ẹnu, ì báà dé ìdajì. Àyẹ̀wò tí àwọn àgbà iṣẹ́ wa fọkàn tán láti ọjọ́ pípẹ́ ńkọ́? Maikirolítà 20 ẹ̀jẹ̀ péré ni a ń pò mọ́ mílílítà 5 omi Drabkin (omi àyẹ̀wò tó ń sọ hemoglobin di àwọ̀ tí ẹ̀rọ lè kà; ẹ má fi ẹnu fà á o, sáyánáìdì wà nínú rẹ̀), a ó sì fi ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé, ti nánòmítà 540, kà á. Ẹni tó bá wá bu mílílítà 2 omi lé mílílítà 2 ti gé èsì sí méjì, ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pé yóò sì di ẹni tí wọ́n ń wá ẹ̀jẹ̀ fún.

Mo fi ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà kan tí a ti pò, tó ṣẹ́kù, dán an wò lójú akẹ́kọ̀ọ́ náà. Ní mílílítà 3, ẹ̀rọ ka 0.36 (nọ́ńbà tó ń sọ bí ìmọ́lẹ̀ tí omi náà gbé mì ṣe pọ̀ tó), ní mílílítà 2, 0.36 náà ni. Ní mílílítà 1.5, nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè sódò, nítorí pé nínú ẹ̀rọ tiwa, mílímítà 15 sókè láti ìsàlẹ̀ cuvette ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà, ojú omi sì ti bọ́ sí ibẹ̀ gan-an. Ní mílílítà 1, ó já sí 0.04: ìmọ́lẹ̀ ti ń gba orí omi kọjá.

Bí omi bá kéré ní tòótọ́, cuvette tí inú rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ wà, tí ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1, tí wọ́n sì kun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúdú kí ìmọ́lẹ̀ má baà yà gba ẹ̀gbẹ́ omi. Kí ẹni tó ń rà á sáà rí i pé fèrèsé cuvette náà, ibi tí a kò kùn tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, bá gíga ìmọ́lẹ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ mu, nítorí pé mílímítà 8.5 ni ti àwọn ẹ̀rọ mìíràn. Àwọn tó ń wọn DNA tilẹ̀ ń ka maikirolítà 1, ẹ̀kán omi kan ṣoṣo tó so rọ̀ láàárín orí méjì ẹ̀rọ wọn.

Ohun tó ti dójú tì mí rí kò kan kíkéré omi. Nígbà ọyẹ́ kan, mo ka ẹ̀jẹ̀ kan lẹ́ẹ̀mẹ́rin, nọ́ńbà mẹ́rin ni mo rí. Mo gbé cuvette sí ojú fèrèsé: àmì àtàǹpàkò mi wà lára ojú tó mọ́ gaara, ìhó kan tí kò ju ẹyọ ọkà bàbà lọ sì lẹ̀ mọ́ ògiri rẹ̀ nínú. Mo nù ún, mo fi èékánná tà á, nọ́ńbà sì dúró.

Àwo oníhò 96, àwo pẹlẹbẹ tí a ń bu omi sínú ihò rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tí ìmọ́lẹ̀ ti ń tòkè wá sísàlẹ̀, nìkan ni mo lè gbà fún àwọn tó ní kíkéré omi ń ba èsì jẹ́, torí pé níbẹ̀, bí omi bá ti dín ni ọ̀nà ń kúrú.

Mílílítà 2 yẹn náà ni a kà fún ọmọ Ìyàrá, ìyá rẹ̀ sì gbé e lọ láìsí abẹ́rẹ́ kejì.